Káàdì Alájọ: Bí Mo Ṣe Ń Di Ìpinnu Mú Lẹ́yìn Tí Ìtara Bá Ti Tán

Láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Bọ̀dá Alájọ á yọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìta Ẹlẹ́wà, níbí ní Ìkòròdú. Báàgì dúdú á wà lọ́rùn rẹ̀, bírò á wà létí rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Tẹ́lọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o." Èmi náà á ní, "Bọ̀dá, ẹ kú ìrìn." Màá na ₦500 sí i, á sàmì sí káàdì ọwọ́ rẹ̀, á sàmì sí tèmi, ó dọ̀la nìyẹn. Ti ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé ló máa ń gbà á. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti ń bá a bọ̀, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tó wù mí láti fún un lówó. Owó tí mo fẹ́ fi ra òwú ni, tàbí owó ẹja ọbẹ̀ alẹ́. Síbẹ̀, kò sí ìparí oṣù kan tí mi ò gba àjọ mi.

Ní ọdún 2022, ìwé kan wà lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ó wù mí láti kà á débi pé omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ tí mo rà á. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mi ò fọwọ́ kàn án. Ohun tí kò wù mí, mò ń ṣe é lójoojúmọ́. Ohun tó wù mí, mi ò ṣe é. Nígbà tí mo fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀nà là fún mi, ọ̀nà yẹn ni mo sì fẹ́ fi han ẹ̀yin tí ẹ ní ìpinnu kan tó ti ń tutù lọ́wọ́ yín.

Mo fi ilé ìwé girama sílẹ̀ ní SS2, lọ́dún 1998, lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ síbi iṣẹ́ ìránṣọ ní Ìgbógbó, mo lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, mo ṣe fírídọ̀mù, iṣẹ́ náà ló sì ń bọ́ mi títí dòní. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n WAEC tí mi ò ṣe yẹn dà bí ẹ̀gún tó há sí àtẹ́lẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fún àwọn ọmọ mi ní fọ́ọ̀mù nílé ìwé, tí wọ́n sì ní kí òbí kọ ìwé tó kà síbẹ̀, màá kọ gbogbo ohun tó kù, màá fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, tí mo pé ogójì ọdún, mo pinnu pé màá ṣe GCE, ìyẹn WAEC ti àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé ìwé.

Mo lọ sí Sábó, mo ra ìwé ìbéèrè ọdún àtijọ́ mẹ́fà. Mo ra bírò dúdú àti pupa. Mo kọ ọ́ sára ògiri pé wákàtí méjì ni màá máa fi kàwé lálaalẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ò lè rí irú mi. Mo ń kàwé títí oorun á fi máa gbé mi lọ lórí àga, inú mi á sì máa dùn.

Lọ́dún yẹn, ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ni Ọdún Àjíǹde, ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ni Ìtúnu Ààwẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tẹ́lọ̀ á mọ ohun tíyẹn jẹ́: aṣọ ọdún méjì pàdé lórí máṣíìnì kan. Wákàtí méjì di wákàtí kan, wákàtí kan di kí n kàn ṣí ìwé kí n sùn lé e lórí, nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú kúrò níbi tí ìwé wà. Àárẹ̀ nìkan kọ́. Tí mo bá sùn, àárẹ̀ á lọ. Ìtìjú ni kì í lọ. Ọjọ́ tí mi ò kàwé ń pọ̀ sí i, ìtìjú ń ga sí i, ó sì wá ga débi pé láti ṣí ìwé náà le ju láti máà ṣí i lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù karùn-ún, oníbàárà kan dúró sí mi lórí nítorí bùbá tí mi ò tíì rán. Ó ń pariwo, èmi náà ń bẹ̀ ẹ́. Àárín ariwo yẹn ni Bọ̀dá Alájọ dé. Mi ò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ọwọ́ mi wọ àpò, ó yọ ₦500, ó nà án sí i, mo sì ń bá ẹ̀bẹ̀ mi lọ. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ ni mo wá jókòó, mo bi ara mi léèrè: ìtara wo ni mo fi san owó yẹn? Kò sí ìtara kankan níbẹ̀. Owó náà kéré tó ohun tí ọwọ́ mi lè yọ. Àsìkò rẹ̀ kì í yẹ̀. Ẹnì kan dìde láti ibòmíràn wá gbà á. Àmì sì wà lórí káàdì tí mo lè fojú rí. Nǹkan wọ̀nyí ló ń ṣiṣẹ́ náà, kì í ṣe ọkàn mi.

Mo wá sọ ìwé kíkà di àjọ.

Iye tí ẹ máa dá

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Ọjọ́ tí ara wa yá la máa ń pinnu. Ọjọ́ tí ara bá yá, wákàtí méjì kò jọ nǹkan kan. Ẹni tí ọjà rẹ̀ tà lónìí tó wá sọ fún alájọ pé òun á máa dá ₦5,000 lójúmọ́, kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á ti máa gba ẹ̀yìnkùlé sá fún alájọ.

Ọjọ́ tó burú jù ni kí ẹ fi wọn ìpinnu yín. Tèmi rèé: ọmọ ní ibà, NEPA ti mú iná lọ láti àárọ̀, mo lọ ra aṣọ ní Èkó, BRT há sí Mile 12 fún wákàtí méjì nígbà tí mò ń bọ̀, mo délé mo bá abọ́ nílẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni mo ṣì lè ṣe? Mo ronú sí wákàtí kan, mo rí i pé irọ́ ni. Mo ronú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo ní bóyá. "Bóyá" kò dára tó. Mo bọ́ sórí ìbéèrè márùn-ún, ọkàn mi sì gbà pé èyí ṣeé ṣe, bí ọjọ́ náà ti wù kó rí.

Ìbéèrè márùn-ún dà bí eré lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìbéèrè 50 tí èèyàn máa yan ìdáhùn rẹ̀ (objective) ló wà nínú ìwé Ìṣirò WAEC. Márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́wàá lo fi parí ti ọdún kan. Oṣù kan, o ti ṣe ti ọdún mẹ́ta. Wákàtí méjì lálaalẹ́ tí mo kọ sára ògiri, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi fún mi ní òfo.

Tí ara yín bá yá lọ́jọ́ kan, ẹ ṣe ogún, ẹ ṣe ọgbọ̀n, kò sí ẹni tó máa dá yín dúró. Ṣùgbọ́n àmì kan náà lẹ máa gbà. Nínú àjọ owó, èèyàn lè san ti ọ̀la sílẹ̀. Nínú èyí, mo kọ̀ ọ́ fún ara mi pátápátá, nítorí pé mo mọ ara mi: tí mo bá san ti ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, mi ò ní rántí ìwé mọ́ títí ọjọ́ mẹ́rin á fi kọjá.

Àsìkò tí kì í yẹ̀

"Lẹ́yìn tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù" kì í ṣe àsìkò. Mo lè ti ṣọ́ọ̀bù láago méje, mo lè tì í láago mọ́kànlá. Ohun tí ẹ máa so ìpinnu yín mọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, yálà ẹ fẹ́ tàbí ẹ kọ̀. Àgbẹ̀ kì í dúró dìgbà tí àgbàdo gbíngbìn bá wù ú. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń sọ fún un.

Mọ́ṣáláṣí kan wà lẹ́yìn ilé wa. Kírísítẹ́nì ni mí, ṣùgbọ́n ìpè Àsùbáà ló ti ń jí mi láti ọjọ́ tí mo kó dé àdúgbò. Bí wọ́n bá ti pè é, màá dìde, màá gbé omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ kaná. Mo wá fi ìwé ìbéèrè, bébà àti bírò sínú ike kan, mo gbé e sórí pẹpẹ ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo mílíìkì. Òfin mi kò ju gbólóhùn kan lọ: bí mo bá ti gbé omi kaná, màá ṣe ìbéèrè márùn-ún kí omi tó hó. Omi yẹn ni aago mi.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì sọ fún mi pé àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé lórí èyí. Peter Gollwitzer, ọmọ Jámánì tó ń ṣe ìwádìí nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ṣàlàyé ní 1999 pé ẹni tó bá sọ ìpinnu rẹ̀ báyìí pé "bí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, màá ṣe báyìí" sábà máa ń mú un ṣẹ ju ẹni tó kàn sọ pé "màá ṣe é" lọ, nítorí pé nígbà tí nǹkan náà bá ṣẹlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa rán an létí. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Mo ti rí i nídìí omi gbígbóná kí n tó gbọ́.

Ẹ wá ìpè tiyín. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bútè láràárọ̀ lè so ó mọ́ ìgbà tó bá ti wọ ẹ̀wù ìléfòó tó jókòó. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lè so ó mọ́ ìgbà tí búrẹ́dì àárọ̀ bá tán. Ẹ má ṣe so ó mọ́ bí ara yín ṣe rí.

Ẹni tí yóò fa ìlà

Tí ẹ bá máa mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ mú èyí. Káàdì láìsí alájọ, bébà lásán ni. Èèyàn lè fa ìlà fún ara rẹ̀, ó sì lè tan ara rẹ̀ jẹ.

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ rò. Ó fẹ́ràn mi, ìdí nìyẹn tí kò fi lè ṣe é. Tó bá rí i pé ó ti rẹ̀ mí, á ní, "Lọ sùn, ọ̀la ṣì ń bọ̀." Mo tún ro obìnrin kan tí òun náà fẹ́ ṣe GCE. Mo yẹra fún ìyẹn náà. Ẹni méjì tí iṣẹ́ kan náà sú lè jọ fẹnu kò pé káwọn sinmi, ọ̀rọ̀ á sì dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Àwọn mìíràn ń ṣàṣeyọrí báyìí, mi ò lè sọ pé kò dára fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n mi ò lè dá a nímọ̀ràn.

Ìyá Elépo ni mo lọ bá. Ọwọ́ òdìkejì ni ìsọ̀ wọn wà sí tèmi, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọn ò mọ ìwé kà rárá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe alájọ mi."

"Alájọ kẹ̀? Ẹni tí ń gba tìrẹ, kí ló ṣe?"

"Kì í ṣe ti owó, mà. Ìwé ni mo fẹ́ máa dá. Láràárọ̀ tí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá gbé bébà wá. Kí ẹ kàn ka iye tí mo ṣe. Tó bá pé márùn-ún, kí ẹ fa ìlà sí káàdì."

Wọ́n wò mí títí. "Tí kò bá wá pé ńkọ́?"

"Kí ẹ má fa ìlà, mà."

"N ò ní fà á o. Má sì wá máa bẹ̀ mí."

Wọn kò mọ̀ bóyá ìdáhùn mi tọ̀nà. Èyí ló jẹ́ kí ó dára bẹ́ẹ̀. Bóyá mo gbà á tàbí mo kùnà kò kàn wọ́n, wọn kò lè rẹ́rìn-ín sí àṣìṣe mi, wọn kò sì lè yìn mí jù. Wọ́n ń wò ó bóyá iṣẹ́ wà lórí bébà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé mẹ́rin wá. Wọ́n fi ìka wọn kà á, wọ́n tún un kà.

"Mẹ́rin rèé."

"Mà, ìkarùn-ún yẹn le gan-an ni."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó le. Mẹ́rin rèé."

Mo jókòó sórí àpótí níwájú agbada epo, mo ṣe ìkarùn-ún. Oníbàárà kan dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kà á, wọ́n fa ìlà.

Ẹ tún rántí pé alájọ kì í ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù, tirẹ̀ ni, òun náà la sì kọ́kọ́ ń yọ fún un. Èmi náà san án. Lóṣooṣù, mo ń bá Ìyá Elépo rán nǹkan kan: ìró tó fàya, ẹtí gèlè, bùbá kan nígbà Kérésìmesì. Wọ́n fẹ́ kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà á. Ojú rere a máa tán. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó rẹ̀ kì í ṣe ojú rere, wọ́n á wá béèrè ìwé lọ́wọ́ mi bí Bọ̀dá ṣe ń wá béèrè ₦500.

Káàdì náà kò nira. Páálí tí wọ́n ká áńkárá mọ́ ni mo gé. Àpótí 31, bíi ti alájọ. Orúkọ mi, oṣù, "ìbéèrè 5". Mo fi pín-ìnnì kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí tí àwọn oníbàárà ti ń wo aṣọ wọn. Ẹni tí kò bá ní ọjà nítòsí lè máa ya fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n tí ẹ bá lè rí ẹni tí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ bá, ẹ yan ìyẹn.

Àpótí tó ṣófo

Ẹ máa fi ọjọ́ kan ṣòfò. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ báyìí, kó má bàa já yín láyà nígbà tó bá dé. Nínú oṣù mẹ́jọ, àpótí 14 ló ṣófo lórí káàdì mi.

Phillippa Lally àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010. Wọ́n ní kí ènìyàn 96 mú ohun kékeré kan tí kálukú á máa ṣe lójoojúmọ́, bíi mímu omi pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n sì bá wọn lọ fún ọ̀sẹ̀ 12. Wọ́n fẹ́ mọ ìgbà tí nǹkan náà máa di ohun tí èèyàn ń ṣe láìronú. Nǹkan bí ọjọ́ 66 ló gbà ẹni tó wà láàárín. Ẹni tó yára jù lo ọjọ́ 18. Ìṣirò wọn fi hàn pé ó máa gba àwọn mìíràn tó ọjọ́ 254. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ọjọ́ 21 péré ni, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín nígbà tí tiyín bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó tù mí nínú jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ kò pàdánù ohun tó ti kó jọ. Ó lè máa bá a lọ láti ibi tó dé.

Alájọ ti mọ èyí tipẹ́. Tí Bọ̀dá bá dé tí mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, kì í fa káàdì ya. Àpótí náà á ṣófo, á sì padà wá lọ́la.

Òfin tí mo fi síbẹ̀ ni pé àpótí méjì kì í ṣófo tẹ̀léra. Mi ò sì ń san gbèsè. Tí mo bá pa ọjọ́ kan jẹ, mi ò ní ṣe mẹ́wàá lọ́jọ́ kejì. Márùn-ún náà ni. Gbèsè ló dá ìtìjú sílẹ̀ fún mi nígbà àkọ́kọ́, mi ò fẹ́ ẹ padà sílé mi. Ọjọ́ Orò Magbó, tí àwa obìnrin kì í jáde, mi ò lè dé ọ̀dọ̀ Ìyá Elépo, àpótí ọjọ́ yẹn kò sì ní ìlà. Ṣùgbọ́n nínú ilé, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé aago síwájú, mo fi wákàtí kan àbọ̀ ṣe gbogbo ìbéèrè 50 bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó wà nínú ìwé mi, kò sí lórí káàdì. Ìyẹn kò bí mi nínú.

Nígbà tí káàdì fúnra rẹ̀ bá sú yín

Á sú yín. Tèmi sú mi ní oṣù kẹta. Mò ń ṣe márùn-ún, Ìyá Elépo ń fa ìlà, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń ṣe é. Ìṣirò ló mú mi jáde nínú rẹ̀.

Tí a bá fẹ́ gé síkẹ́ẹ̀tì tó máa tàn ká bí agboòrùn, ọ̀gá mi kọ́ wa pé ká wọn ìbàdí, ká pín in sí mẹ́fà, ká yọ díẹ̀ kúrò, iye tó bá kù la máa fi tépù wọ̀n láti igun aṣọ. Ìbàdí ínǹṣì 28, nǹkan bí mẹ́rin àbọ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń gé e bẹ́ẹ̀, mi ò béèrè ìdí rẹ̀ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìbéèrè kan fún mi ní àyíká róbótó, ó ní kí n wá ìdajì ìwọ̀n àárín rẹ̀. Mo fi ìlọ́po méjì 3.142, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní páì, pín àyíká náà. Mo wo ohun tí mo kọ: 6.284. Mẹ́fà, àti díẹ̀! Ìdí tí a fi ń yọ díẹ̀ kúrò nìyẹn. Omi hó, ó dà sílẹ̀, mi ò gbọ́. Ọ̀gá mi, tí kò lo ọjọ́ kan nílé ìwé girama, ti ń kọ́ wa ní Ìṣirò WAEC láti ọjọ́ yìí wá.

Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ohun tí mò ń kọ́ ti kan ohun tí ọwọ́ mi ti mọ̀. Èrè àti àdánù, mo fi àáńkárá ṣe é. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, mo fi owó iṣẹ́ ṣe é. Ẹ wá ibi tí ìpinnu yín ti fara kan ayé yín. Ó lè gba àkókò kí ẹ tó rí i, ṣùgbọ́n ẹ wá a nígbà tí ẹ ṣì ń fa ìlà, nítorí ẹni tó ti fi ìwé sílẹ̀ kò ní pàdé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oṣù Ọ̀pẹ kò gùn. Ìdánwò mi máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun, oṣù Ọ̀pẹ sì ni iṣẹ́ tẹ́lọ̀ pọ̀ jù. Láti oṣù kọkànlá ni mo ti lọ sọ fún Ìyá Elépo pé láti ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 31, ìbéèrè kan lójúmọ́ ni. Wọ́n gbà. Ẹ sọ̀rọ̀ ìdínkù nígbà tí ara yín ṣì balẹ̀, ẹ fún un ní ọjọ́ tó máa parí. Èyí tí ẹ bá mú wá láàárọ̀ ọjọ́ tó rẹ̀ yín, alájọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní gbà á.

Tí ó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ jáwọ́

Àwọn ìpinnu kan wà tó yẹ ká fi sílẹ̀. Mo ti fi káàdì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ rí, nítorí pé àwọn tẹ́lọ̀ tó yí mi ká ń ṣe é. Oṣù méjì ni mo ṣe, mo rí i pé ìfẹ́ tiwọn ni mò ń lé, mo sì fi í sílẹ̀ láìbínú. Ṣùgbọ́n a kì í gba àjọ láàárín oṣù. Ẹ má ṣe jáwọ́ lọ́jọ́ tí àpótí ṣófo, tàbí lọ́jọ́ tí ẹnì kan bú yín. Ẹ parí káàdì tó wà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á, tí ẹ jẹun yó, ẹ jókòó ẹ wò ó bóyá ẹ tún fẹ́ ya òmíràn.

Mo ṣe ìdánwò náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Mo gba B3 nínú Yorùbá, C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì, mo yege nínú àwọn yòókù. Ìṣirò fún mi ní D7. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní pa á mọ́. Mo lọ fi fóònù han Ìyá Elépo, bí ẹni pé wọ́n lè kà á. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán, wọ́n wá ní, "Ṣé káàdì ti parí ni?" Káàdì kò parí. Mo ya tuntun, mo tún Ìṣirò ṣe ní ìdánwò kejì ọdún náà, C5 jáde.

JAMB ló wà lórí káàdì ẹ̀gbẹ́ dígí báyìí, ìbéèrè márùn-ún náà ni. Káàdì kejì wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tèmi. Lẹ́yìn tí èsì Ìṣirò dé, Ìyá Elépo ní àwọn náà fẹ́ kọ orúkọ ara wọn kí wọ́n tó kú, kí wọ́n yéé tẹ àtàǹpàkò ní báńkì. Lẹ́tà kan lójúmọ́, ìlà mẹ́rin-mẹ́rin. Èmi ni alájọ wọn. Ìgò epo kan ni wọ́n san fún mi lóṣù yìí.

Láàárọ̀ àná, ìlà mẹ́ta ni wọ́n gbé wá. Wọ́n ní ọwọ́ ń ro àwọn. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Mẹ́ta rèé." Wọ́n wojú mi, wọ́n gba bírò, wọ́n fa àpótí mọ́ra, wọ́n jókòó.